Ẹ wọn ọmọ tó kúrú jù nílé kí ẹ tó yan ọgbà ìṣeré l'Ékòó

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìsinmi dé, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ti Abẹ́òkúta wọlé, láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ báàgì kalẹ̀ ni wọ́n ti ń pariwo "ẹ mú wa jáde, ẹ mú wa jáde". Ẹnì kan rí fọ́tò lórí Instagram, ó ní ibẹ̀ dùn. Ni gbogbo ilé bá kó sínú ọkọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Wọ́n dé ẹnu géètì, wọ́n sanwó orí èèyàn mẹ́sàn-án, wọ́n wọlé tán kí wọ́n tó rí pákó kan tí wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí lára. Ọmọ tí orí rẹ̀ kò bá kan ìlà yẹn, kò ní gun ẹ̀rọ ìṣeré.

Ilé tiwa ni mo ń sọ yẹn o. Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló dúró ti pákó náà, tó na ọrùn bí àkùkọ, tó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó rọra tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, ó ku díẹ̀." Díẹ̀ yẹn kò ju ìka méjì lọ. Ọmọ náà lọ jókòó ti kúlà wa, ó ń fi igi ha ilẹ̀ títí a fi ṣe tán. Mi ò dá àwọn tó ni ọgbà lẹ́bi. Àwa la kúrò nílé láì mọ bí ọmọ wa ṣe ga tó.

Láti ọjọ́ náà, mi ò kì í fi fọ́tò bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ọmọ tó kúrú jù ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, ojú ọ̀nà ló tẹ̀ lé e, orúkọ ibi tí a ń lọ ló máa ń kẹ́yìn.

Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀

Tépù télọ̀, ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, àti pẹ́ńsù. Fóònù tó ní owó ìpè nínú (dátà nìkan kò tó, ẹ máa pe àwọn èèyàn). Google Maps. Bíró tí omi kì í tètè pa rẹ́. Káàdì Cowry fún ẹni tó bá fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì BRT tàbí rélùwéè. Iye owó kan tí ẹ̀yin àti ẹnìkejì yín ti fẹnu kò sí pé a ò ní kọjá, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn ọmọ tó gbọ́ orúkọ ibì kankan. Àti ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó bá ní ọjọ́ méjì péré lè ṣe é, ṣùgbọ́n ìpele kejì kò ní jẹ́ òótọ́ fún un.

Ìpele 1: Ẹ wọn àwọn ọmọ, ẹ ka àwọn àgbà

Ẹ jẹ́ kí ọmọ bọ́ bàtà, kó fẹ̀yìn ti ògiri, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ kan ògiri. Ẹ gbé ìwé yẹn lé e lórí pẹrẹsẹ, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sábẹ́ ìwé, kí ẹ wá wọn ọ́n láti ilẹ̀. Tépù télọ̀ ní ojú méjì: íǹṣì lápá kan, sẹ̀ntímítà lápá kejì. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, torí ẹni tó máa gbé fóònù lè dá yín lóhùn ní ẹsẹ̀ bàtà, kí pákó ẹnu ẹ̀rọ sì jẹ́ sẹ̀ntímítà.

Kí ẹ lè mọ ibi tí tiyín wà: ọmọ ọdún 4 sábà máa ń wà ní nǹkan bí 103 sẹ̀ntímítà, ọmọ ọdún 6 ní nǹkan bí 115, ọmọ ọdún 8 ní nǹkan bí 127. Àwọn ẹ̀rọ tó bá ń sáré díẹ̀ máa ń béèrè 110 tàbí 120, àwọn tó ń dorí kodò lè béèrè tó 140. Ẹ rí i pé ọmọ ọdún 4 àti ọmọ ọdún 8 kò lè gbádùn ibì kan náà bákan náà, àyàfi tí ẹ bá wá ibi tó ní ti àwọn méjèèjì.

Ibi tí àwọn ìyá ti máa ń ṣìṣe ni irun. Ṣùkú kì í ṣe ara gíga. Ṣùkú tí wọ́n dì fún ọmọ mi obìnrin fi ìka mẹ́ta kún un nílé. Nígbà tí a dé ẹnu ẹ̀rọ, àtẹ́lẹwọ́ kan ló kàn tẹ ṣùkú náà mọ́lẹ̀. Ẹ tẹ irun náà dáadáa tí ẹ bá ń wọn ọmọ, bí ẹ̀yin gan-an ni òṣìṣẹ́ ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka àwọn àgbà. Orúnkún ta ló ń dùn ún? Ta ló lóyún? Ta ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra? Aboyún àti ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ gun ẹ̀rọ tó ń sáré, wọn ò sì lè bá ọmọ kékeré gùn ún. Bí ọmọ méjì tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà bá wà, àgbàlagbà kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n nílò. Ẹni tó ń ya fọ́tò kò sí lára àwọn tí à ń kà.

Àyẹ̀wò: bébà kan wà lọ́wọ́ yín tí orúkọ, ọjọ́ orí àti gíga ọmọ kọ̀ọ̀kan wà lórí rẹ̀, ẹ sì ti fa ìlà sábẹ́ èyí tó kéré jù. Ẹ ya bébà náà ní fọ́tò sínú fóònù.

Ìpele 2: Ẹ ka wákàtí ojú ọ̀nà, ẹ má ka kìlómítà

L'Ékòó, kìlómítà kò sọ nǹkan kan fúnni. Afárá Third Mainland kò tó kìlómítà 12, ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá gùn ún láàárọ̀ kùtù lè fi wákàtí kan ààbọ̀ gùn ún padà.

Òfin tí mo ń lò rọrùn: àlọ pẹ̀lú àbọ̀ kò gbọdọ̀ ju àkókò tí a máa lò nínú ọgbà lọ. Bí ẹ bá fẹ́ lo wákàtí mẹ́rin níbẹ̀, kí àlọ má kọjá wákàtí méjì. Tó bá kọjá, ibòmíràn ni.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ní irú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ jáde gan-an, ẹ ṣí Google Maps láago méje àárọ̀, láago mọ́kànlá, láago mẹ́rin àti láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí ẹ kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀. Àṣìṣe ńlá tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé alẹ́ ọjọ́ Túsìdeè, nígbà tí wọ́n ti jẹun tán, ni wọ́n ń wò ó. Alẹ́ Túsìdeè kò mọ nǹkan kan nípa òwàmbẹ̀ ọjọ́ Sátidé.

Ibi tí ẹ ń gbé ló máa pín in fún yín. Ará Súrùlérè, Yábà àti Bàríga lè gba orí afárá lọ sí Erékùṣù láàárọ̀ láìsí wàhálà púpọ̀. Ẹni tó wà ní Mile 2 tàbí Fẹ́sítáákì, kí ló ń fi ọkọ̀ tiẹ̀ ṣe? Rélùwéè Blue Line ti ń gbé èrò láti Mile 2 dé Márínà láti oṣù September ọdún 2023, kìlómítà 13 ni, kò sì sí tírélà tó lè dí i lọ́nà. Àwọn ọmọ ilé wa ka rélùwéè náà mọ́ eré ọjọ́ yẹn. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé òun lòun fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí a ṣe. Ará Agbádo, Ìjù àti Agége ní Red Line tó ń lọ sí Ọ̀yìngbò. Káàdì Cowry ni ẹ fi ń wọlé sí méjèèjì, nítorí náà ẹ fowó sí i kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ má lọ tò lẹ́yìn èrò pẹ̀lú ọmọ márùn-ún.

Fún ará Kétu, Ọ̀jọ́dú àti Máìlì 12, Lekki jìnnà ju bí fọ́tò ṣe ń fi í hàn lọ. Ọgbà ìṣeré Hi-Impact Planet tó wà ní Ìbàfò, lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ti wọ ìpínlẹ̀ Ògùn, ṣùgbọ́n ó lè yá wọn ju Lekki lọ. Ẹ kàn ṣọ́ra fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù: Jímọ̀ àkọ́kọ́ ni ìpàdé ńlá ìjọ Redeemed ní Móówè, Sátidé àkọ́kọ́ sì ni ti ìjọ MFM ní ojú ọ̀nà kan náà. Ìgbà yẹn, ọkọ̀ kò ní rìn.

Ohun kan tó tún ń dààmú àlejò: ẹ má ṣètò pé ọ̀kadà ló máa gbé yín láti ibùdókọ̀ dé ẹnu géètì. Láti ọjọ́ kìíní oṣù June ọdún 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà, Ìkẹjà, Súrùlérè, Apápá, Lagos Island àti Lagos Mainland.

Àyẹ̀wò: ẹ lè sọ, láì wo fóònù, aago tí ẹ máa gbéra àti aago tí ẹ máa kúrò níbẹ̀. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá jẹ́ "a máa rí i", ẹ ò tíì ṣe tán pẹ̀lú ìpele yìí.

Ìpele 3: Ẹ yan irú ibi tí ẹ fẹ́ kí ẹ tó yan orúkọ

Irú márùn-ún ló wà l'Ékòó, kò sì yẹ kí wọ́n dàrú mọ́ ara wọn.

Àkọ́kọ́ ni ọgbà ẹ̀rọ onírin, irú Apapa Amusement Park àti ti Ìbàfò tí mo dárúkọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ sókè ló ni ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin ló pọ̀ jù nílé yín, jàǹgírọ́fà àti ọkọ̀ kékeré tó ń yí po nìkan ni wọ́n máa rí gùn, owó ìwọlé náà sì lè jẹ́ ti gbogbo ọgbà.

Èkejì ni ilé ìṣeré abẹ́ òrùlé, irú Upbeat ní Lekki Phase 1, níbi tí àwọn ọmọ ti ń fò sókè sódò lórí aṣọ tó ń ta wọ́n padà, àti àwọn gbọ̀ngàn eré inú ilé ìtajà ńláńlá. Òjò kò ní ṣe yín ní nǹkan kan. Wákàtí ni wọ́n sábà ń tà níbẹ̀, kì í ṣe ọjọ́. Ẹ béèrè bóyá ìbọ̀sẹ̀ tiwọn ni ẹ máa rà, torí ìbọ̀sẹ̀ ọmọ mẹ́rin lè di owó ọbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, tí mo fẹ́ràn jù, ni igbó àti ẹranko. Lekki Conservation Centre wà lójú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, ní ọ̀kánkán Chevron. Àjọ Nigerian Conservation Foundation ló ni ín, ilẹ̀ rẹ̀ tó hẹ́kítà 78. Ojú ọ̀nà pákó ni ẹ máa gbà wọlé, irà wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ máa gbóhùn àkèré kí ẹ tó rí ohunkóhun. Afárá okùn tó gba orí igi kọjá gùn ní mítà 401, ibi tó ga jù níbẹ̀ tó bíi mítà 22. Ó ń mì. Ẹ fi etí sí èyí dáadáa: bí ẹni mẹ́fà bá wà lórí apá kan, ìṣísẹ̀ ẹnì kan á máa gbé ẹnì kejì lẹ́sẹ̀. Bàbá tí kò lè wo ìsàlẹ̀ láti orí ilé alájà méjì kò gbọdọ̀ fi orúkọ ọkùnrin gùn ún. Kò sí ohun ìtìjú nínú kéèyàn dúró sílẹ̀. Pápá wà nínú ibẹ̀ tí wọ́n ya ojú eré ńlá bíi lúdò sí nílẹ̀, ẹ lè jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìyá àgbà àti àwọn tí kò fẹ́ gòkè. Àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ kì í tijú oúnjẹ, nítorí náà ẹ̀pà àti gúgúrú kò gbọdọ̀ hàn síta. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tì, ibi àárọ̀ ni. Fún ẹni tó wà ní Ajah sókè, Omu Resort ní Bogije náà ní ẹranko, ilẹ̀ ibẹ̀ sì fẹ̀ gan-an.

Ẹ̀kẹrin ni etí òkun. Èmi kì í mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá lọ sí òkun gbangba láti lúwẹ̀ẹ́, mo máa ń sọ ọ́ tààrà. Omi òkun Èkó ń fani lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá dúró sí ibi tí omi dé orúnkún rẹ̀ á rí i pé yanrìn ń yọ́ lọ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ òun. Tarkwa Bay rọ̀ díẹ̀ torí òkúta tí wọ́n tò sí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi ń dá ìgbì dúró, ṣùgbọ́n ojú omi nìkan ni ẹ lè gbà débẹ̀. Láífù jákẹ́ẹ̀tì pọn dandan fún gbogbo ẹni tó bá wọ ọkọ̀, ọmọdé náà sì gbọdọ̀ wọ ti ọmọdé. Bí awakọ̀ bá gbé ti àgbà fún ọmọ ọdún márùn-ún, tí ó ń yọ́ gba orí rẹ̀ bọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Elegushi ní Lekki kò nílò ọkọ̀ ojú omi. Ibi àwọn ọ̀dọ́ ló máa ń dà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

Ẹ̀karùn-ún, gbàgede tí kò gbówó lórí. Johnson Jakande Tinubu Park ní Aláúsá, Ìkẹjà, ní koríko tí ọmọ lè sáré lé. Ní Erékùṣù, Freedom Park ní Broad Street àti National Museum ní Onikan kò jìnnà síra, ẹ lè ṣe méjèèjì lọ́jọ́ kan. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni Freedom Park tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá sókè máa ń fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń ti èèyàn mọ́lé, àwọn kékeré sì rí àyè sáré. Ọkọ̀ tí wọ́n yìnbọn fún Ọ̀gágun Murtala Muhammed nínú rẹ̀ lọ́dún 1976 wà ní mùsíọ́ọ̀mù yẹn, ihò ọta ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin ilé wa kò fẹ́ kúrò níwájú rẹ̀.

Ẹ má gbára lé fọ́tò àtijọ́ o. Landmark Beach ní Victoria Island, tí gbogbo ayé ń ya fọ́tò níbẹ̀, wà lára ohun tí wọ́n wó lọ́dún 2024 nítorí ọ̀nà tuntun tí wọ́n ń là láti Èkó sí Calabar. Fọ́tò rẹ̀ ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé wọ́n yà á lánàá.

Àyẹ̀wò: ẹ mú orúkọ ibi méjì tó jẹ́ irú kan náà, kí ẹ fi ìkẹta tó wà lábẹ́ òrùlé tì í, nítorí òjò.

Ìpele 4: Ẹ pe ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ nìkan. Ẹ pè. Bí ẹ sì ṣe béèrè ọ̀rọ̀ ló máa sọ irú ìdáhùn tí ẹ máa gbà. Bí ẹ bá ní, "Ṣé gbogbo ẹ̀rọ yín ń ṣiṣẹ́?" ohun tí ẹ máa gbọ́ ni "Bẹ́ẹ̀ ni mà". Bó ṣe máa rí lọ́jọ́kọ́jọ́ nìyẹn. Ẹ bi í báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú àwọn ẹ̀rọ yín ni èèyàn gùn ní Sátidé tó kọjá?" Ẹni yẹn máa ní láti ronú, á bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin náà á sì gbọ́ èyí tí kò dárúkọ.

Àwọn ìbéèrè yòókù: ọmọ ọdún mélòó ni kì í sanwó? Ṣé owó ìwọlé ti kó owó ẹ̀rọ mọ́ra, àbí ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń san ún? Ọmọ tó jẹ́ 98 sẹ̀ntímítà (ẹ ka nọ́ńbà tiyín), kí ló lè gùn? Ṣé wọ́n ń gba oúnjẹ ìta wọlé? Bí òjò bá rọ̀, ṣé wọ́n ń dá owó padà tàbí wọ́n ń fúnni ní ọjọ́ mìíràn? Bó bá jẹ́ káàdì ọgbà ni wọ́n ń fowó sí láti fi gun ẹ̀rọ, owó tó bá kù lórí rẹ̀ ńkọ́? Ṣé POS ń ṣiṣẹ́, àbí tiránsífà nìkan?

Ẹ tún pè ní ọjọ́ kejì, ní àkókò mìíràn. Ẹlòmíràn ló máa gbé e. Bí ìdáhùn méjèèjì bá yàtọ̀ lórí owó, èyí tó wọ́n jù ni kí ẹ fi ṣírò.

Ibi tí ẹnikẹ́ni kò bá gbé fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ fi sílẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ ti gbọ́ orúkọ ẹ̀rọ méjì, ó kéré tán, tí ọmọ tó kúrú jù lè gùn. Bí kò bá sí méjì, ibẹ̀ kì í ṣe tiyín lọ́dún yìí.

Ìpele 5: Ẹ ṣírò owó títí dé ìparí

Owó ìwọlé ni gbogbo èèyàn ń bèèrè, owó ẹ̀rọ ló ń jẹni run. Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ lásán, ẹ fi iye tí wọ́n bá sọ fún yín rọ́pò rẹ̀. Ká ní ìdílé kan ní àgbà méjì àti ọmọ mẹ́rin. Ìwọlé àgbà ₦5,000, ti ọmọdé ₦3,500: ìyẹn ₦24,000. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ₦2,000. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá gun mẹ́rin, ₦32,000 nìyẹn. Owó ẹ̀rọ ti ju owó ìwọlé lọ, a ò sì tíì mu omi.

Wọ́n á wá sọ fún yín pé ọ̀já ọwọ́ kan wà, ₦10,000, tí ọmọ á fi gun gbogbo ẹ̀rọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó dà bí ẹ̀bùn. Ẹ fara balẹ̀: ọmọ gbọ́dọ̀ gun mẹ́fà kó tó jèrè. Ní Sátidé, títò ní ẹnu ẹ̀rọ kan lè gba ìṣẹ́jú 25; mẹ́fà nínú rẹ̀ jẹ́ wákàtí méjì ààbọ̀ lórí ìdúró, nínú oòrùn. Àwọn ọmọ wo ló fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀? Àwọn ọmọ ọdún méjìlá lè ṣe é. Ọmọ tó kúrú jù, tí ẹ̀rọ méjì péré gbà, ₦4,000 ló máa ná, nítorí náà ẹ má ra ọ̀já fún un nítorí kí gbogbo wọn lè rí bákan náà. Bí wọ́n bá ń ta ọ̀já lọ́jọ́ iṣẹ́ tí èrò kò pọ̀, ìgbà yẹn ni mo máa ń rà á.

Ẹ fi ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, oúnjẹ àti omi kún un, kí ẹ wá fi ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìdá yẹn ni ti bàtà tó bá já àti ọmọ tí yóò sunkún nítorí bàlúùnù.

Káàdì ọgbà tí wọ́n ń fowó sí: ẹ má fi ₦20,000 sí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ sí i. Mo ní káàdì kan nínú dúrọ́ọ̀ mi títí di òní tí ₦3,400 wà lórí rẹ̀.

Àyẹ̀wò: àròpọ̀ náà kò kọjá iye tí ẹ kọ sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Bó bá kọjá, ẹ dín iye ẹ̀rọ kù, ẹ má dín omi kù.

Ìpele 6: Ẹ mú ọjọ́

Òjò Èkó pọ̀ jù ní June àti ìbẹ̀rẹ̀ July, ó máa ń dákẹ́ díẹ̀ ní August, ó sì tún padà wá ní September sí October. August bọ́ sí àkókò ìsinmi gígùn, ó dáa fún ibi tí kò ní òrùlé. Ọjọ́ tí mo máa ń sá fún ni 27 May tó jẹ́ ọjọ́ àwọn ọmọdé, ọjọ́ kejì Iléyá, àti ọjọ́ kejì Kérésì. Bí ẹ bá lè rí ọjọ́ iṣẹ́ nínú ìsinmi, Wẹ́sìdeè tàbí Tọ́sìdeè, òun ló dáa jù. Nígbà tí ilé ìwé bá ṣì wọlé, ẹ béèrè bóyá ilé ìwé kankan ń bọ̀ lọ́jọ́ yẹn, torí bọ́ọ̀sì ilé ìwé mẹ́rin lè gba gbogbo ibẹ̀.

Ìpele 7: Ọjọ́ náà gan-an

Àwọ̀ kan náà ni kí gbogbo ọmọ wọ̀, kó jẹ́ àwọ̀ tó ń pariwo. Yẹ́lò ni tiwa. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sí apá ọmọ kọ̀ọ̀kan, lápá inú, níbi tí òógùn kì í pọ̀ sí. Ẹ má kọ orúkọ ọmọ sí ara aṣọ níta, kí àjèjì má bàa pè é lórúkọ.

Ẹ bá wọn jẹun nílé kí ẹ tó jáde. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mọ́ínmọ́ín tí wọ́n jẹ láàárọ̀ ni kò ní jẹ́ kí wọ́n máa tọ́ka sí ṣáwámà ní gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún.

Kí ọmọ tó gun ẹ̀rọ kankan, ẹ dúró wo ẹ̀rọ náà kó yí parí lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn. Ohun tí ẹ ń wò ni ọwọ́ òṣìṣẹ́: ṣé ó ń fa bẹ́líìtì tàbí irin tó há ọmọ mọ́ ìjókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, àbí ó kàn ń fojú wò wọ́n? Ṣé ó ń dúró ti ẹ̀rọ náà títí tó fi dúró, àbí fóònù ló ń tẹ̀? Ẹ tún béèrè ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí iná bá lọ nígbà tí àwọn ọmọ wà lókè. Òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á fi jẹnẹrétọ̀ hàn yín, á sọ bó ṣe máa sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Èyí tó bá rẹ́rìn-ín tó ní "kò ní lọ", ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ rìn kọjá.

Ìborùn, gèlè, sílípáàsì àti ẹ̀gbà ọrùn gígùn gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ àgbà tó dúró sílẹ̀. Hìjáábù ọmọ obìnrin, ẹ ká etí rẹ̀ sínú aṣọ kí afẹ́fẹ́ má lè gbé e.

Níbi omi ìwẹ̀, bí ẹ kò bá rí ìsàlẹ̀ omi náà kedere, kò sí ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Àgbà kan ni yóò ṣọ́ omi, kó fún ẹlòmíràn ní fóònù rẹ̀, kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn ní ìṣẹ́jú ogún-ogún. Ọmọ tó ń rì kì í pariwo. Ó máa ń dákẹ́ ni, àwọn tó wà létí omi á rò pé ó ń ṣeré. Bí àgbà mẹ́wàá bá jókòó síbẹ̀ tí wọn ò yan ẹnì kankan, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Àyẹ̀wò: láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ẹ wọlé, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè tọ́ka sí ibi tí ẹ máa pàdé bí ó bá sọnù, kó sì sọ ọ́ fún yín lẹ́nu ara rẹ̀. "Lẹ́bàá igi" kò tó. Igi wo?

Ìpele 8: Ẹ kúrò nígbà tó ṣì ń dùn

Aago tí ẹ kọ ní ìpele kejì, ẹ dì í mú. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ nígbà tó bá ku wákàtí kan àti nígbà tó bá ku ẹ̀rọ kan. Ọmọ tó kúrú jù ni kí ó yan ẹ̀rọ ìgbẹ̀yìn, ohun yòówù kó jẹ́, kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró tì í. Kí gbogbo wọn tọ̀ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, títí kan ẹni tó bá ní òun kò fẹ́ tọ̀. Ẹ ka orí wọn nínú ọkọ̀, ẹ tún un kà. Ọmọ àbúrò mi ti di 121 sẹ̀ntímítà báyìí. Àmì pẹ́ńsù méjèèjì, ti ọdún yẹn àti ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wà lára ògiri ẹ̀gbẹ́ fíríìjì wa.